Ilẹ̀ Yàrá Ọkọ̀ Nínú Ilé: Kí Ló Ń Bà Á Jẹ́, Kí Ló sì Lè Pẹ́ Níbẹ̀?

Ìbéèrè tí onílé máa ń bi bíríkìlà ní Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà ni pé: ṣé táìsì ni ká fi sí ilẹ̀ yàrá ọkọ̀, àbí ìntalọ́ọ̀kì, àbí ká kàn fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ? Ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Ohun tó ń ba ilẹ̀ yàrá ọkọ̀ jẹ́ kì í sábà ti òkè wá. Abẹ́ ló ti ń wá: erùpẹ̀ tí wọn kò gún, omi tó ń gòkè látinú amọ̀ nígbà òjò, kọnkéré tó tín-ín-rín jù tàbí tí wọ́n da omi sí ju bó ṣe yẹ lọ. Táìsì tó wọ́n jù lọ ní Lágere, ní Ilé-Ifẹ̀, kò lè gba irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ là. Ẹni tó bá mọ irú kọnkéré tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ ìdajì ohun tó yẹ kó rà.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹrù tí ilẹ̀ náà ń gbé. Ọkọ̀ kékeré tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń lò wúwo tó kìlógíráàmù 1,200 sí 1,500. Táyà mẹ́rin ló pín in rù, nítorí náà táyà kan ń fi bíi kìlógíráàmù 300 sí 400 tẹ ilẹ̀, lórí ibi tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Kọnkéré tó dára ń gba ìyẹn láìsí wàhálà, torí afẹ́fẹ́ inú táyà ń jẹ́ kí ẹrù náà tàn ká. Jáàkì ló burú. Ìdí rẹ̀ kéré, irin ni, nǹkan bí ìdajì ìwúwo ọkọ̀ sì lè wà lórí òun nìkan. Ìdí nìyẹn tí táìsì fi máa ń fọ́ níbi tí wọ́n ti pààrọ̀ táyà, nígbà tí ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà wọlé lójoojúmọ́ kò ní nǹkan kan. Pákó tó nípọn tó íǹṣì 2, tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan níhà gbogbo, lábẹ́ jáàkì, ti tó láti dènà èyí, ohun yòówù kẹ́ ẹ fi bo ilẹ̀.

Yàtọ̀ sí ẹrù, àwọn nǹkan mìíràn tún ń jẹ ilẹ̀ náà: ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ń kán, bẹntiróòlù, omi bátìrì tó jẹ́ ásíìdì, ooru táyà ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́ dé, àti ẹrẹ̀ pupa tí táyà ń kó wọlé ní gbogbo ìgbà òjò. Ẹrẹ̀ yẹn ní yanrìn nínú. Bó bá gbẹ tán, tí táyà ń yí lé e lórí, ńṣe ló ń họ ojú ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí dídán rẹ̀ á fi lọ.

Ẹ yẹ ohun tó wà nílẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó náwó

Bí ilé bá ti wà tẹ́lẹ̀, tí yàrá ọkọ̀ náà sì ti ní kọnkéré, àyẹ̀wò omi ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ gé náílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara, tó nípọn díẹ̀, ní íǹṣì 18 níhà gbogbo. Ẹ fi téèpù tó fẹ̀ lẹ etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ tó mọ́ tó sì gbẹ, kí afẹ́fẹ́ má ráyè wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kó má dín ní wákàtí 16. Bẹ́ ẹ bá ṣí i, tí ẹ rí ìrì omi nínú náílọ́ọ̀nù náà, tàbí tí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ti ṣú ju àyíká rẹ̀ lọ, omi ń gòkè láti abẹ́ nìyẹn. Ẹ ṣe é níbi méjì, ó kéré tán: ọ̀kan láàárín yàrá, ọ̀kan nítòsí ògiri tó kọjú sí òkè ilẹ̀, ibi tí àgbàrá máa ń gbà wá.

Ìgbà tẹ́ ẹ bá ṣe àyẹ̀wò yìí ṣe kókó. Ilẹ̀ tó gbẹ táútáú nínú oṣù kìíní, nígbà ọyẹ́, lè máa làágùn nínú oṣù kẹsàn-án. Ẹ̀ẹ̀rùn ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń kun ilẹ̀ wọn, torí ìgbà yẹn ni iṣẹ́ rọrùn. Bí òjò bá dé, tí ọ̀dà náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú bíi róro, wọ́n á ní ayédèrú ọ̀dà ni wọ́n tà fún àwọn. Omi tó ń wá ọ̀nà jáde ni. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ dúró kí òjò ti rọ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó dán an wò.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú ìṣó, kẹ́ ẹ fi họ ojú kọnkéré náà. Bó bá jẹ́ ìlà funfun tín-ín-rín ló hàn, ojú ilẹ̀ náà le. Bí lẹ́búlẹ́bú bá ń jáde, tí ìṣó sì ń wọlé, ojú rẹ̀ kò lágbára, ohunkóhun tẹ́ ẹ bá lẹ̀ mọ́ ọn yóò bá ojú yẹn bó kúrò ni. Ẹ tún fi irin kan ilẹ̀ náà káàkiri. Ibi tó bá dún bí ohun tó ṣófo, ìrẹ́lẹ̀ òkè ti ya kúrò lára kọnkéré ìsàlẹ̀ níbẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ hú u kúrò.

Ní ti lílà, oríṣi méjì ló wà, wọn kò sì jọra rárá. Èyí tó rí wẹ́wẹ́ bí irun, tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì rẹ̀ sì dọ́gba, gbígbẹ ló fà á, kò léwu. Èyí tí ẹ̀gbẹ́ kan ti rẹlẹ̀ ju èkejì lọ, tẹ́ ẹ bá fi ìka tọ́ ọ tí ìka yín kọ́, erùpẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ló ń rì. Kò sí táìsì, kò sí ọ̀dà, kò sí ìrẹ́lẹ̀ tó máa bo ìyẹn mọ́lẹ̀ kó má tún jáde. Bí ẹ kò bá dá a mọ̀, ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà kékeré sí orí méjèèjì ibi tó là dé, kẹ́ ẹ kọ déètì síbẹ̀. Bó bá kọjá ìlà náà lẹ́yìn ìgbà òjò kan, ó ṣì ń lọ nìyẹn.

Iléṣà ló yẹ kí èèyàn ti ṣọ́ra jù fún lílà yìí, torí ilé pọ̀ níbẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Wọ́n á gé apá kan ilẹ̀, wọ́n á wá fi erùpẹ̀ tí wọ́n gé kún apá ìsàlẹ̀ kí ojú ilẹ̀ lè dọ́gba. Apá tí wọ́n gé le láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Apá tí wọ́n kún rọ̀, àyàfi tí wọ́n bá gún un ní ìpele-ìpele. Yàrá ọkọ̀ sì sábà máa ń wà ní apá ìsàlẹ̀ yẹn, torí ibẹ̀ ló súnmọ́ títì. Tí ìdajì rẹ̀ bá wà lórí èyí tó le, tí ìdajì wà lórí èyí tó rọ̀, ojú ìpàdé wọn ni yóò ti là.

Bí kọnkéré abẹ́ ṣe yẹ kó rí

Fún ẹni tó ń kọ́lé lọ́wọ́, tàbí ẹni tí àyẹ̀wò fi hàn pé ó yẹ kó hú tàtijọ́ kúrò, ibí ni owó ti ṣiṣẹ́ jù. A ó fi yàrá ọkọ̀ kan ṣoṣo ṣe ìṣirò, ẹsẹ̀ bàtà 10 sí ẹsẹ̀ bàtà 20, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi mítà 3 sí mítà 6.

Ẹ kó erùpẹ̀ dúdú tó ní gbòǹgbò nínú kúrò pátápátá títí ẹ ó fi kan ilẹ̀ pupa tó le. Bí ẹ bá nílò àkúnlẹ̀, ilẹ̀ pupa náà ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe erùpẹ̀ dúdú, kì í ṣe pàǹtírí. Íǹṣì 6 ni ìpele kọ̀ọ̀kan. Ẹ gún un tán kẹ́ ẹ tó da òmíràn lé e. Ẹni tó bá da ẹsẹ̀ bàtà méjì lẹ́ẹ̀kan náà, tó wá gún òkè rẹ̀, òkè nìkan ló gún. Erùpẹ̀ náà gbọ́dọ̀ tutù níwọ̀nba: ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kẹ́ ẹ fún un. Bó bá dì, tó sì fọ́ sí méjì láìtú ká, ó ti ṣe tán. Bó bá fi omi sí yín lọ́wọ́, ó tutù jù; bó bá tú ká, ó gbẹ jù. Ẹ̀rọ ìgúnlẹ̀ tí wọ́n ń háyà ló dára jù, ṣùgbọ́n igi ìgúnlẹ̀ tó wúwo lè ṣe iṣẹ́ náà níbi tí kò fẹ̀, bí kò bá tètè rẹ ẹni tó dì í mú.

Lórí ìyẹn ni òkúta fífọ́ tàbí àfọ́kù búlọ́ọ̀kù máa wá, íǹṣì 4 sí 6. Ẹ fi yanrìn tàbí eruku òkúta dí ojú rẹ̀ kí ṣóńṣó òkúta má baà dá náílọ́ọ̀nù lu. Náílọ́ọ̀nù yìí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ máa ń fò, bẹ́ẹ̀ òun ló ń dá omi ilẹ̀ dúró. Ẹ béèrè fún èyí tó jẹ́ géèjì 1000, ìyẹn ìwọ̀n bó ṣe nípọn tó. Níbi tí méjì bá ti pàdé, kí ọ̀kan gun èkejì tó íǹṣì 12, kẹ́ ẹ sì ṣẹ́ etí rẹ̀ gòkè lára ògiri. Ẹni tó bá fi náílọ́ọ̀nù sí i nísinsìnyí lè fi ohun tó bá wù ú bo ilẹ̀ náà lọ́jọ́ iwájú. Ẹni tó bá fò ó ti yọ ẹpọ́kì, ọ̀dà ilẹ̀ tó máa ń dì gbagidi, kúrò nínú ohun tó lè lò láéláé.

BRC, ìyẹn àwọ̀n irin, kì í dá kọnkéré dúró kó má là. Ohun tó ń ṣe ni pé bó bá là, kò ní jẹ́ kí ó ya. Èyí tí irin rẹ̀ jẹ́ mílímítà 6, tí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó íǹṣì 8, ti tó fún ọkọ̀ kékeré. Ibi tí wọ́n ti ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ni pé wọ́n á tẹ́ BRC sórí náílọ́ọ̀nù, wọ́n á ní àwọn á máa fà á sókè bí àwọn bá ṣe ń da kọnkéré. Wọn kì í fà á. Ìsàlẹ̀ ló máa wà, kò sì ní wúlò fún ohunkóhun. Ẹ ní kí wọ́n mọ bísíkíìtì, ìyẹn ègé kọnkéré kéékèèké tó ń gbé irin sókè, tó ga tó íǹṣì 2, kí wọ́n tò ó sábẹ́ rẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì-méjì, kẹ́ ẹ sì fojú ara yín rí i kí kọnkéré tó wọlé.

Íǹṣì 4 ni kọnkéré náà gbọ́dọ̀ nípọn fún ọkọ̀ kékeré àti jíìpù. Bí ọkọ̀ akẹ́rù tàbí ọkọ̀ omi bá máa ń wọ ibẹ̀, ẹ ṣe é ní íǹṣì 6. Fún yàrá tiwa yìí, íǹṣì 4 á gba àpò sìmẹ́ńtì 12 sí 13. Íǹṣì 6 á gba 18 sí 19. Àpòpọ̀ rẹ̀ ni sìmẹ́ńtì ọ̀kan, yanrìn méjì, gíránáìtì mẹ́rin. Páànù tí lébìrà ń gbé lérí ni ìwọ̀n tó rọrùn jù: àpò sìmẹ́ńtì kan tó páànù méjì, nítorí náà àpò kan máa gba páànù yanrìn 4 àti páànù gíránáìtì 8, kí wọ́n gé ojú páànù dọ́gba, kí wọ́n má bù ú gegele. Fún àpò 12, páànù yanrìn 48 àti gíránáìtì 96 nìyẹn. Ẹ yan ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ní ju kó máa kà á lọ.

Ẹ wo nọ́ńbà agbára tó wà lára àpò sìmẹ́ńtì: 42.5 ni kẹ́ ẹ rà. Láti 2014 ni SON, àjọ tó ń rí sí ìdíwọ̀n ọjà, ti sọ pé 32.5 wà fún rírẹ́ ògiri, pé 42.5 ni ti òpó, bíìmù àti dẹ́kì. Ilẹ̀ tí ọkọ̀ ń gùn yẹ fún 42.5. Ní ti yanrìn, yanrìn odò tó rí ṣákaṣàka ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ bù ú dé ìdajì ike omi, ẹ da omi àti iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ mì í dáadáa, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Amọ̀ á tò sórí yanrìn. Bí amọ̀ náà bá nípọn ju ìdá kan nínú méjìlá yanrìn lọ, ẹ dá a padà fún awakọ̀ típà.

Omi ló ń ba kọnkéré jẹ́ jù lọ. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan ni àpò sìmẹ́ńtì kan nílò, kò sì gbọdọ̀ tó bẹ́ẹ̀ bí òjò bá ti pa yanrìn. Lébìrà máa ń fẹ́ kó ṣàn torí pé ó rọrùn láti tẹ́. Omi tó bá ṣẹ́kù kì í dúró síbẹ̀: yóò gòkè, yóò gbé èyí tó kúnná jù nínú sìmẹ́ńtì àti yanrìn wá sójú, yóò sì fi ihò kéékèèké sílẹ̀ nígbà tó bá gbẹ. Eruku funfun tí àwọn ará ilé á máa gbá lójoojúmọ́ tí kì í tán, ibi tó ti wá nìyẹn.

Àṣà mìíràn tó yẹ ká fi sílẹ̀ ni fífọ́n sìmẹ́ńtì gbígbẹ sórí kọnkéré tó ṣì ní omi lójú kí ó lè yára gbẹ, kí ó sì dán. Ó máa ń dán lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìpele tín-ín-rín tó yàtọ̀ sí ti ìsàlẹ̀ ló dá sílẹ̀, ìpele yẹn ni táyà á sì máa ká kúrò. Ẹ dúró kí omi ojú rẹ̀ fà tán fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó rẹ́ ẹ, kí wọ́n wá fi ìgbálẹ̀ fa ìlà wẹ́wẹ́ sí i ní ìdábùú ọ̀nà táyà. Ilẹ̀ tó dán bíi dígí, tí ọ́ìlì kán sí, tí ẹsẹ̀ tó tutù tẹ̀, ń dá àgbàlagbà léegun.

Kí ilẹ̀ náà fi íǹṣì 3 rẹlẹ̀ láti ògiri ẹ̀yìn dé ẹnu ọ̀nà, nínú ẹsẹ̀ bàtà 20 yẹn. Bó bá dín sí ìyẹn, omi á máa dúró. Kó sì fi íǹṣì 4 sí 6 rẹlẹ̀ ju ilẹ̀ ilé lọ bí ilẹ̀kùn bá wà láàárín wọn, torí oru bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń rìn, ìdẹ́nà kékeré yẹn ni kò ní jẹ́ kó wọ yàrá ìdáná. Ẹ gé ojú ìlà kan sí àárín, ní ẹsẹ̀ bàtà 10, kó jìn tó íǹṣì 1, kí ọjọ́ kan tó kọjá lórí kọnkéré náà. Kọnkéré máa ń súnkì. Bó bá fẹ́ là, ibẹ̀ ni kó là sí, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí i.

Lẹ́yìn náà, omi ni, fún ọjọ́ 7 gbáko. Ẹ fi àpò tó tutù tàbí náílọ́ọ̀nù bò ó, kó má gbẹ rárá, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ọkọ̀ kò gbọdọ̀ gùn ún kí ọjọ́ 10 tó pé. Táìsì àti ọ̀dà kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ kí ọjọ́ 28 tó pé.

Kí la wá fi bò ó?

Ìdáhùn tiwa fún ilé tó pọ̀ jù ni pé: ẹ má fi nǹkan kan bò ó. Kọnkéré tí wọ́n ṣe bí a ti sọ yìí ti tó ilẹ̀ yàrá ọkọ̀. Ohun tẹ́ ẹ lè fi kún un ni oògùn olómi tó ń mú ojú kọnkéré le, èyí tí wọ́n fi sódíọ̀mù sílíkéètì ṣe. Kì í ṣe ọ̀dà. Inú kọnkéré ló ń wọ̀, ó ń dàpọ̀ mọ́ ẹfun tó wà nínú sìmẹ́ńtì, ó sì ń dí àwọn ihò kéékèèké náà. Nítorí pé kò sí lórí ilẹ̀, kò sí ohun tó máa bó. Ẹ fọ ilẹ̀ náà, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ da oògùn sí i, kẹ́ ẹ máa fi ìgbálẹ̀ tì í káàkiri kó má gbẹ fún bí ìdajì wákàtí, kẹ́ ẹ wá nu èyí tó bá ṣẹ́kù kúrò kó tó di àlẹ̀mọ́ funfun. Àbùkù kan ló kù: ọ́ìlì ṣì lè sàmì sí i.

Ìntalọ́ọ̀kì la máa mú ṣìkejì, àmọ́ fún àwọn kan, òun ló yẹ kó ṣáájú: ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ ṣì ń rì, àti ẹni tí omi ń gòkè sí nílé. Omi lè gba àárín rẹ̀ jáde, kò sì sí ohun tó lè wú tàbí bó. Bí ibì kan bá rì, ẹ ó tú u, ẹ ó fi eruku òkúta gbé e sókè, ẹ ó tún un tò láìra tuntun. Àwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́ mọ àǹfààní fífi ègé kéékèèké to ilẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400, wọ́n ń to àpáàdì sí ilẹ̀ àgbàlá, wọ́n sì ń nà án lórí ìgbátí rẹ̀ dípò kí wọ́n tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, torí àpáàdì tó wà lórí ìgbátí kì í tètè fọ́ bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Ìtàn Ifẹ̀ fi iṣẹ́ náà ti Ọọ̀ni Lúwòó, obìnrin tó jọba, àwọn awalẹ̀pìtàn sì ti rí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó ṣì wà ní ìtò ní Ìta Yemòó, ní Ilé-Ifẹ̀. Ìdí kan náà ni ìntalọ́ọ̀kì fi ń pẹ́: ègé kéékèèké tó nípọn, tí wọ́n fún mọ́ra wọn, lórí ilẹ̀ tí wọ́n gún.

Èyí tó nípọn tó mílímítà 60 ni ti ọkọ̀ kékeré. 80 ni ti ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹ kan ọ̀kan mọ́ ìkejì kẹ́ ẹ tó rà á: èyí tó dára máa ń dún gan-an-gan, èyí tí sìmẹ́ńtì rẹ̀ kéré á dún pọ̀ọ̀, igun rẹ̀ á sì máa rún. Eruku òkúta tí ẹ máa tò ó lé kò gbọdọ̀ ju íǹṣì 2 lọ. Bó bá nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ipa táyà á yọ síbẹ̀. Kẹ́ẹ̀bù tí wọ́n fi kọnkéré dì gbọ́dọ̀ wà ní gbogbo etí tí kò bá sí ògiri, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, etí á máa ṣí, ibi tó kù á máa tẹ̀ lé e.

Táìsì ni èyí tí àwọn èèyàn fẹ́ràn jù, òun náà ló sì ń já wọn kulẹ̀ jù. Kì í ṣe pé táìsì kò lágbára. Táìsì pọ́sílẹ́ènì, èyí tí kì í mu omi rárá tán, le ju kọnkéré lọ. Ohun tó ń fọ́ ọ ni òfìfo abẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá fi sìmẹ́ńtì sí àárín àti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìkan, ibi tó kù ṣófo, táyà tó bá gun ibi òfìfo yẹn á fọ́ ọ. Gọ́ọ̀mù táìsì ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n lò, kí wọ́n fi irin eléyín yà á sórí ilẹ̀, kí wọ́n tún ra díẹ̀ sẹ́yìn táìsì. Lẹ́yìn tí wọ́n bá lẹ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ ní kí wọ́n ṣí ọ̀kan padà níṣojú yín. Gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní gọ́ọ̀mù. Bó bá jẹ́ ìdajì ló ní, ẹ dá iṣẹ́ dúró. Ẹ ra èyí tí ojú rẹ̀ rí gbágungbàgun, tí wọ́n ṣe fún ìta, kì í ṣe èyí tó ń dán. Kẹ́ ẹ sì ra àpótí kan lé, torí bí táìsì kan bá fọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àwọ̀ yẹn lè má sí lọ́jà mọ́.

Tẹráásò lágbára gan-an, àwọn ilé àtijọ́ tó ṣì ní i jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n òkúta mábù ló wà nínú rẹ̀, ásíìdì bátìrì sì ń jẹ mábù. Ó tún ń yọ̀ bí omi bá wà lórí rẹ̀. Fún pálọ̀, a fara mọ́ ọn. Fún yàrá ọkọ̀, rárá.

Ẹpọ́kì ni ọ̀dà oní-ike méjì tí wọ́n ń pò pọ̀, tó máa ń dì gbagidi. Lórí kọnkéré tó gbẹ, kò sí ohun tó rọrùn láti nu bíi rẹ̀. Ọ́ìlì kò lè wọ inú rẹ̀. Lórí kọnkéré tó ní omi lábẹ́, owó ìnáàdànù ni. Bí àyẹ̀wò náílọ́ọ̀nù kò bá yege, ẹ má rà á, ohun yòówù kí ẹni tó ń tà á sọ. Bó bá yege, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ họ ojú kọnkéré náà títí tí yóò fi rí bíi sáńpépà lọ́wọ́. Fífi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́ nìkan kò tó. Ọ́ìlì tó ti wọlé tipẹ́ gbọ́dọ̀ jáde tán: ẹ kán omi sí ojú ibẹ̀, bí omi náà bá dúró roboto tí kò wọlé, ọ́ìlì ṣì wà. Ẹ po ìwọ̀nba tẹ́ ẹ lè kùn tán kíákíá, torí ooru ọ̀sán ń jẹ́ kó tètè dì nínú garawa. Ẹ fọ́n yanrìn gbígbẹ tó kúnná sí ìpele àkọ́kọ́ kó má baà yọ̀, kẹ́ ẹ wá kùn ún lẹ́ẹ̀kejì. Níbi tí oòrùn bá ti ń wọlé láti ẹnu ọ̀nà, àwọ̀ rẹ̀ á pọ́n díẹ̀. Ìyẹn kò ba agbára rẹ̀ jẹ́. Táyà tó gbóná ló ń dán an wò jù: ó ń mú kí ọ̀dà tí kò lẹ̀ dáadáa rọ̀, bí ọkọ̀ bá sì ń jáde láàárọ̀, ó ti bá táyà ṣí. Ọ̀dà ilẹ̀ lásán tó jẹ́ oní-ike kan kì í pẹ́ níbẹ̀ rárá, a kò sì gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó rà á fún ibi tí táyà ń gùn.

Rọ́bà kápẹ́ẹ̀tì, ẹ má fi sí i. Kẹ́míkà inú táyà ń yọ sí i lára, ó ń fi àbàwọ́n tí kò ṣeé fọ̀ sílẹ̀, omi sì ń há sábẹ́ rẹ̀.

Ẹni tó bá ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí yàrá ọkọ̀ ní láti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kọjá ti ilẹ̀. Ẹ lè tọ́jú rẹ̀ síbẹ̀, ẹ kò gbọdọ̀ tàn án síbẹ̀, ì báà jẹ́ pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Èéfín rẹ̀ kì í rùn tó bó ṣe ń pani tó.

Bí ọ́ìlì bá kán sí ilẹ̀, ẹ má da omi sí i, torí omi á tẹ́ ẹ káàkiri ni. Ẹ da lẹ́búlẹ́bú igi láti sọ́ọ̀mìlì lé e, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ di òwúrọ̀, kẹ́ ẹ gbá a, kẹ́ ẹ wá fi omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ibẹ̀. Ti ásíìdì bátìrì yàtọ̀: ẹ̀tù tí wọ́n fi ń ṣe àkàrà òyìnbó wú, tí wọ́n ń pè ní béékìn-sódà, ni kẹ́ ẹ bù sí i títí kò fi ní hó mọ́, kẹ́ ẹ wá fi omi ṣàn án.

Ní ẹnu ọ̀nà, níbi tí ilẹ̀ yàrá ti pàdé ìta, ẹ gbẹ́ gọ́tà kékeré tó fẹ̀ tó íǹṣì 6, tó jìn tó íǹṣì 6, kó dábùú ẹnu ọ̀nà náà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, kẹ́ ẹ fi irin oníhò tó lè gbé táyà bò ó. Ilé tó wà ní ìsàlẹ̀ títì kò gbọdọ̀ ṣàìní i, torí àgbàrá títì á fẹ́ wọlé bá ọkọ̀. Kí irin náà ṣeé gbé kúrò, kí ẹnì kan sì máa kó erùpẹ̀ inú rẹ̀ nínú oṣù kejì, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé.